Kókó Inú Ẹ̀dọ̀fóóró Lyuben

Ṣòkòtò ni Nevyana kọ́kọ́ rí, nílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn ni láti ya àwòrán inú ara aláìsàn, ó sì ní kí ọkùnrin tó kàn tú bẹ́líìtì nítorí irin tó wà lára bẹ́líìtì náà. Kò mọ̀ pé bẹ́líìtì yẹn nìkan ló gbé ṣòkòtò dúró. Lyuben, àgbẹ̀ tó ń gbin èso ṣẹ́rì nílùú Kyustendil, dúró gbagidi níwájú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara.

"Ẹ má bínú, sístà. Ikọ́ ló mú mi rù."

"Ṣé ikọ́ náà ló ń fi yín rẹ́rìn-ín? Ẹ sùn síbí."

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, wọn ò lè mu kọfí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́.

Àwòrán ní tirẹ̀ fi kókó kan hàn nínú ẹ̀dọ̀fóóró Lyuben, ó fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́jọ. Dókítà ní bó bá ti pẹ́ níbẹ̀ tí kò dàgbà, kò léwu. Bó bá jẹ́ tuntun, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Wọ́n ti ya àwòrán àyà Lyuben rí nílé ìwòsàn kan nílùú Sofia, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tó já bọ́ lórí igi. Ṣùgbọ́n aláìsàn ló ń tọ́jú síídì àwòrán ara rẹ̀, ti Lyuben sì ti sọnù. Dókítà ní kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n wò ó bóyá ó ti tóbi sí i.

Ni Lyuben bá yẹra. "Mi ò ní sọ ẹ́ di opó," ó sọ fún Nevyana lórí fóònù. "Jẹ́ kí oṣù mẹ́ta pé ná."

"Bí oṣù mẹ́ta bá pa èmi ńkọ́?"

Lyuben gé ìpè náà.

Bí Nevyana bá ṣíwọ́ iṣẹ́, yóò ṣí àwòrán rẹ̀ wò. Ó ti rí ọkàn ọkùnrin yìí lójú ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tí ì dì mú rí.

Lóṣù kejì, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó lọ sí oko Lyuben. Bí Lyuben ṣe rí i, ó gun igi lọ fara pamọ́. Ìyá rẹ̀ ń ṣa ṣẹ́rì nísàlẹ̀. Síídì bí ogún ń yí lórí okùn láàárín ewé, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ lé ẹyẹ.

"Màmá, níbo lẹ ti rí gbogbo èyí?"

"Inú àpótí. Orin ìgbéyàwó àbúrò Lyuben wà níbẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ ti Sofia wá. Ẹyẹ kórìíra rẹ̀ gan-an."

Nevyana bọ́ bàtà, ó gun igi.

"Sún," ó sọ fún Lyuben. "Ìwọ kọ́ ni mo wá wò." Ó já gbogbo síídì náà kúrò lórí okùn.

Nílé ìwòsàn, klarinẹ́ẹ̀tì ló bú jáde nínú síídì àkọ́kọ́, dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìkẹtàdínlógún ni ti Sofia. Òjò ti bà á jẹ́. Ìdajì àyà péré ló ṣí. Ìdajì tí kókó wà ni. Dókítà wọ̀n ọ́n: mìlímítà mẹ́jọ nígbà náà, mẹ́jọ lónìí.

Lyuben yíjú sí Nevyana.

"Wọ́n ní kí n tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ta ni yóò bá mi wá?"

"Ìyàwó rẹ."

Ó bojú wẹ̀yìn, bí ẹni ń wá obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà. Nevyana di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Èmi ni, Lyuben."