Àtàndá Sẹ́ Òjó Lẹ́nu Géètì

Ọ̀rẹ́ mi tí o mú ìwé pélébé yìí lọ́wọ́, bóyá iṣẹ́ ni ìwọ náà ń wá. Bóyá o ti wẹ̀ láàárọ̀ yìí, o ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, o sì ń ro ilé ẹni tí o máa lọ dọ̀bálẹ̀ sí. Jókòó ná. Jẹ́ kí n sọ ti Àtàndá fún ọ. Ní gbogbo Garki ní Àbújá, mélòó ló mọ èèyàn tó Àtàndá? Ibi tí mímọ èèyàn sì gbé e dé, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká débẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó dé Àbújá nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ, tí katakata ń hú igi lójoojúmọ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ́ ilé fún ìjọba gbà á, kò sì pẹ́ tó fi di fọ́ómàn àwọn káfíńtà. Báwo ló ṣe débẹ̀? Ẹnu ni. Ẹnu dùn ún ròfọ́! Ó sọ fún ẹnjiníà òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn pé ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan ní Ìbàdàn ni òun ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà.

Irọ́ gbuu! Ọ̀dọ̀ Bàbá Láníyì, káfíńtà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló ti kọ́ṣẹ́, kò sì kọ́ ọ parí. Ó sá lọ nígbà tó ku díẹ̀ kó gba fríídọ̀mù. O mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa: ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá gba fríídọ̀mù, ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé e lórí níwájú ẹbí àti ojúlùmọ̀, á súre fún un, á ní kó máa lọ, kó lọ jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ lé Àtàndá lórí. Ìdí nìyí tí kì í fi í mú ayùn lọ́wọ́ níwájú ẹnikẹ́ni. Ariwo ló ń pa lé àwọn tó mọ iṣẹ́ lórí.

Ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn. Tó bá di Sátidé, ilé àwọn ọ̀gá ìjọba ló ń yí kiri. Á gbé iṣu lọ fún tibí, á lọ bá tọ̀hún ṣèdárò. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí ìjókòó tó wà lẹ́yìn Alàgbà Àjíṣafẹ́ gan-an. Ọ̀gá àgbà ni Alàgbà yìí ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Àtàndá ló ń bá a gbé Bíbélì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, òun náà ló ń bá a gbé e padà. Ó ń kọrin, ó ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n bí ìwàásù bá ń lọ, ẹ̀yìn ọrùn Alàgbà ló ń wò. Àwọn èèyàn ń pè é ní onígbàgbọ́. Ìgbàgbọ́ wo? Ojú rere èèyàn ló ń wá kiri nínú ilé Ọlọ́run.

Ní ọdún 1983, Òjó dé láti ilé. Òjó àti Àtàndá jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Láníyì ni, orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn. Òjó kọ́ tirẹ̀ parí, ó gba fríídọ̀mù. Nǹkan ló le nílé, oyún sì wà lára Ẹfúnróyè ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ wá. Ìyá Àtàndá fúnra rẹ̀ ló ní kó máa lọ sí Àbújá. Ìyá ní, "Sọ fún Àtàndá pé èmi ni mo ní kó dúró fún ọ. Sọ pé ọmú tó mu ni mo fi bẹ̀ ẹ́."

Nílé iṣẹ́ Àtàndá, bí wọ́n bá fẹ́ gba oníṣẹ́ ọwọ́, wọn kì í gba ẹni tó kàn yọ lójú géètì. Ẹnì kan tó ti wà nínú ilé gbọ́dọ̀ jáde, kó ní, "Mo mọ ọkùnrin yìí, èmi ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀." Bí ẹni náà bá jalè, àwọn méjèèjì ni yóò jọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe wọlé, ẹ̀gbọ́n ń fa àbúrò, ará ìlú ń fa ará ìlú. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèǹgbè, Ọlọ́run ló dá wa bẹ́ẹ̀ kí a lè máa ran ara wa lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Òjó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ léjìká. Lójú méjèèjì ni wọ́n ń wá káfíńtà lọ́jọ́ yẹn. Ẹnjiníà yọ, Àtàndá tẹ̀ lé e. Inú Òjó dùn dé ẹ̀yìn. Ó kígbe, "Àtàndá! Àtàndá ọmọ Ìyá Oníṣu!"

Àtàndá yí ojú kúrò. Kì í ṣe pé ó kórìíra Òjó. Ohun tó rò ni pé, bí ọkùnrin yìí bá wọ ibí, ọjọ́ kan ni yóò la ẹnu sọ pé èmi ò gba fríídọ̀mù, iṣẹ́ mi á sì bọ́.

Ẹnjiníà wo ojú Òjó, ó tún wo ti Àtàndá. Ilà kan náà ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ àwọn méjèèjì. Ó ní, "Ṣé o mọ ọkùnrin yìí? Ilà yín jọra."

"Rárá o, ọ̀gá," ni Àtàndá wí. "Àìmọye èèyàn ló kọ irú ilà yìí. Ẹnu àwọn lébírà ló ti gbọ́ orúkọ mi. N kò rí i rí láyé mi."

Òjó rò pé bóyá oòrùn ni kò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun ríran. Ó sún mọ́ ọn, ó rọra ní, "Àtàndá, èmi Òjó rèé o."

Àtàndá ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó pe ẹni tó ń ṣọ́ géètì: "Màmúdù, lé ọkùnrin yìí kúrò lọ́nà!"

Áà, ọmọ aráyé! Ẹni tí ẹ jọ sùn lórí ẹní kan!

Òjó ò lè padà sílé lọ́wọ́ òfo pẹ̀lú ìyàwó olóyún. Ó wọ àárín àwọn lébírà tí wọ́n ń fi orí ru búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Lébírà ò nílò onígbọ̀wọ́, ọrùn ni wọ́n ń wò. Lójoojúmọ́, Àtàndá ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Òjó á kí i, kò ní dáhùn.

Ọjọ́ kan, wọ́n fẹ́ gbé búlọ́ọ̀kù lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àtàndá ní kí àwọn káfíńtà kan pákó tí àwọn lébírà máa gùn. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, igi tí ẹ ní ká fi gbé e ró yìí kéré." Ó ní ta ló bi wọ́n. Nígbà tí àwọn lébírà gùn ún tẹrùtẹrù, ó ya lulẹ̀. Àwọn kan fara pa díẹ̀. Ti Òjó ló burú: búlọ́ọ̀kù run ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn dókítà sa gbogbo agbára wọn, ọwọ́ náà kò gé, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò ká mọ́. Ọwọ́ tó ń di ayùn mú, ọwọ́ tí Bàbá Láníyì ń fi yangàn káàkiri àdúgbò! Nígbà tí Ẹfúnróyè bímọ, ọwọ́ òsì ni Òjó fi gba ọmọ rẹ̀.

Ẹnjiníà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àtàndá ní àwọn káfíńtà ni kò mọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bí wọn nínú, wọ́n tú gbogbo rẹ̀ síta: wọ́n ní òun ló yan igi náà, àti pé àwọn kò rí i kó mú ayùn lọ́wọ́ rí. Ẹnjiníà na òòlù sí Àtàndá, ó ní, "Ó dára. Ìwọ kàn án bó ṣe yẹ, kí n rí i." Àtàndá gba òòlù. Ìṣó àkọ́kọ́ tẹ̀, èkejì tẹ̀, ó fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀. Àwọn káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n ti lé e dànù.

Kò kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ó sọ fún Fèyí ìyàwó rẹ̀ pé, "Má dààmú. Mo mọ èèyàn." Ó gba ilé Alàgbà Àjíṣafẹ́ lọ. Mègáàdì wọlé, ó jáde, ó ní, "Sànnu. Ọ̀gá ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Àtàndá. Ó ní kó o máa lọ." Àtàndá sì rí i tí kọ́tìnnì ojú fèrèsé mì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́kùnrin mìíràn ló ń gbé Bíbélì Alàgbà.

Ó lọ sílé ẹlòmíràn, ó lọ sí ọ́fíìsì ẹlòmíràn. Wọ́n ní ọ̀gá ò sí nílé. Wọ́n ní ọ̀gá wà ní mítìnnì. Àwọn tó jẹ iṣu rẹ̀ sọ pé ọwọ́ àwọn dí. Èmi ò ní káàánú rẹ̀ jù: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ta ni òun náà dúró fún rí? Nígbà tí ọdún ń parí lọ, àwọn ológun gba ìjọba, iṣẹ́ ìkọ́lé sì falẹ̀ káàkiri. Fèyí di ẹrù rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ. Ó ní, "Baálé mi, ẹ ní ẹ mọ èèyàn. Àwọn èèyàn ọ̀hún dà?" Ó gba Ọ̀yọ́ lọ bá àwọn òbí rẹ̀.

Àtàndá kó lọ sí Jikwoyi, abúlé kan lẹ́yìn Àbújá, ó ń gbé yàrá alámọ̀ kan nínú agbo ilé àwọn Gwari tó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ibà dá a gúnlẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin onílé ló ń fún un lómi mu. Ọkùnrin tí kì í jókòó lẹ́yìn ẹni kékeré ní ṣọ́ọ̀ṣì wá ń bẹ ikú pé kó tètè dé, ikú náà ò dá a lóhùn.

Jikwoyi yìí kan náà ni Òjó àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Òjó gbọ́ pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ń kú lọ nínú agbo ilé yẹn. Ó ti gbọ́ bí wọ́n ṣe lé Àtàndá dànù, ó sì mọ ẹni tí yóò jẹ́. Ó gbé ògì gbígbóná dání, ó wọlé tọ̀ ọ́.

Bí Àtàndá ṣe rí i, ó yíjú sí ògiri. "Bó bá jẹ́ pé o wá fi mí ṣẹ̀sín ni, ó tọ́ sí mi."

"Dìde mu ògì, kó tó tutù."

Ó mu ún, omijé ń já sínú rẹ̀. "Òjó, mo mọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ mí."

"Kí ló dé tí o ò pa mí?"

Òjó jókòó sílẹ̀. "Má rò pé ẹni rere ni mí. Mo fẹ́ pa ọ́. Láàárọ̀ ni, nírọ̀lẹ́ ni, èpè ni mò ń ṣẹ́ fún ọ. Bí ìka mi bá ti kọ̀ tí kò ká, màá ní kí Ọlọ́run mú tìẹ náà rọ. Ọjọ́ kan, àwọn oníwàásù kan dúró lábẹ́ igi ní Nyanya nítòsí ibí. Ọ̀kan nínú wọn ní Jésù kú fún àwọn tó sẹ́ ẹ. Inú bí mi, mo kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lé mi délé. Mo wá rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ ti kún inú èmi náà dẹ́nu. Mo kúnlẹ̀, mo ké pè é, Ó gbà mí."

Àtàndá gbé ògì náà sílẹ̀. Ó wá ní, "Òjó, ṣé o lè bá mi bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, kí n ríṣẹ́?"

Òjó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò. "Ìwọ Àtàndá yìí! Nínú ibà náà? Kò sẹ́ni tí mo mọ̀ ní ọ́fíìsì kankan. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Kò sí mègáàdì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó mọ gbogbo ohun tí o ṣe, Ó sì ṣe tán láti ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ níwájú Bàbá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló fi dúró fún ọ. Ṣùgbọ́n o ò lè fi iṣu wá ojú rere rẹ̀. Bí olè tí ọwọ́ tẹ̀ ni wàá ṣe wá."

Àtàndá yí bọ́ sílẹ̀ lórí ẹní, ó dojú bolẹ̀. Ó ké pé, "Jésù, òpùrọ́ ni mí. Mo sẹ́ ọmọ ìyá mi. Mo ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. N kò lẹ́nìkan. Gbà mí." Ó sunkún bí ọmọ kékeré, nígbà tó sì gbórí sókè, ẹrù tó ti ń rù láti ọjọ́ tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Olúwa ti gbà á.

Ǹjẹ́ o rò pé gbogbo nǹkan wá dùn bí oyin? Gbọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ẹfúnróyè. Obìnrin náà ń fọ aṣọ ọmọ. Kò dá iṣẹ́ dúró.

Ó ní, "Wọ́n ní Ọlọ́run ti dárí jì yín. Ọkọ mi náà ti dárí jì yín. Èmi ò tíì lè ṣe é. Èmi ni mò ń bá a de bọ́tìnnì láàárọ̀. Ẹ dìde níwájú mi, kí n má baà sọ ohun tí n kò ní lè kó padà."

Àtàndá dìde. Kò jiyàn. Láti ìgbà náà, òun ló ń bá Òjó fa ayùn. Òjó á dúró tì í, á máa sọ bí yóò ṣe gé e, wọ́n sì ń kan àpótí ìjókòó àti fèrèsé fún àwọn ará Jikwoyi. Láràárọ̀ ló ń kí Ẹfúnróyè. Ọjọ́ mìíràn obìnrin náà á jẹ́ ẹ, ọjọ́ mìíràn kò ní jẹ́ ẹ.

Ìwọ tí o ń kàwé yìí, ìwọ ńkọ́? Máa wá iṣẹ́. Kí àwọn tó yẹ kí o kí, bẹ ẹni tó mọ̀ ọ́ kó bá ọ sọ̀rọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni o ti sẹ́ kí ìwọ lè dúró? Ta ni ò ń wò ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ìwàásù bá ń lọ? Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìwọ náà yóò dúró níwájú Ọlọ́run, kò sí Alàgbà kankan tí yóò lè bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí Jésù bá ní òun kò mọ̀ ọ́ rí, ilé ta ni wàá gbà lọ?

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ọlọ́run dárí ji Àtàndá lọ́jọ́ tó ké pè é, ṣùgbọ́n ìka Òjó ò ká títí di òní. Ká ní Àtàndá ti ronú pìwà dà kí ó tó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn ni! Kúnlẹ̀ níbi tí o wà nísinsìnyí. Jẹ́wọ́, kí o sì gba Jésù gbọ́, kí o tó fi ọwọ́ rẹ ba ayé ẹlòmíràn jẹ́, tí omijé rẹ kò sì ní lè tún un ṣe.