Igbe Tó Ń Ṣáájú Bọ́ọ̀lù

Jíbrílù kò ṣàìsàn kó tó kú. Ó jẹun, ó kírun, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ó ń wo Mọ̀núrù ọmọ rẹ̀ tó ń gba bọ́ọ̀lù àṣekágbá líìgì. Ṣàdédé ni Hàlímọ̀, ìyálé ilé, figbe ta nínú yàrá rẹ̀ lódìkejì ògiri: "Yéè!" Gbogbo ojú yí sí ibẹ̀. Nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n tó yíjú padà, bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n ẹgbẹ́ Mọ̀núrù, Jíbrílù dìde láti bínú, ó sì ṣubú. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹgbẹ́ ọmọ náà gba líìgì bó ti wù kó rí, ṣùgbọ́n ta ló rójú yọ̀? Dókítà ní ọkàn ló daṣẹ́ sílẹ̀. Àdúgbò ní kí dókítà máa bá tiẹ̀ lọ. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, wọ́n ní ta ni ò mọ̀. Ká má tíì wá sọ ti èyí tí àjẹ́ ké tí ilẹ̀ ò tilẹ̀ ṣú kí baálé tó lọ.

Hàlímọ̀ kò bímọ. Sàdíátù, ìyàwó kékeré, ló bí Mọ̀núrù, àwọn méjèèjì kì í sì í kí ara wọn. Ọkọ kú tán, wọ́n jọ wọ tákàbà nínú ilé kan ṣoṣo, opó kì í sì í jáde: kò sí Ọjà Balógun tí wọ́n lè sá lọ. Nírọ̀lẹ́, Sàdíátù a máa gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ ní yàrá ìyálé rẹ̀. Ẹyẹ dúdú kan a sì wá bà lórí páànù ibẹ̀ gan-an, á máa họ ọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, ìyálé mi?"

"Ògiri ni," ni Hàlímọ̀ máa ń dáhùn. "Òun ni kì í bú mi."

Ó kù díẹ̀ kí ẹgbẹ́ Mọ̀núrù bá ẹgbẹ́ mìíràn, tó gba kọ́ọ̀pù, wàákò fún Súpà Kọ́ọ̀pù. Kàmọ́rù, àbúrò olóògbé, kó ẹbí jọ ní bòókẹ́lẹ́ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìgbà tí wọ́n jáde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyálé.

"Ìyá, bí nǹkan bá tún ṣe ọmọ yìí, ẹ ó kó ẹrù yín lọ sí Ìjẹ̀bú, tákàbà ì báà má tíì pé."

"Àwọn tó mọ̀ mí n'Ìjẹ̀bú ti wà ní sàréè, Kàmọ́rù. Ṣé kí n lọ sùn tì wọ́n ni?"

"Ìyẹn dọwọ́ yín. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù wa."

Ọjọ́ pé. Pálọ̀ kún fọ́fọ́. Bọ́ọ̀lù parí sí ọ̀mì, ó di pẹ̀nálítì. Ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ Mọ̀núrù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ ni ohùn kan wá láti yàrá ìyálé: "Alhamdulillahi!" Ó gbá a, ó wọlé. Ẹni ti ẹgbẹ́ kejì bọ́ síwájú. "Inna lillahi," ni ohùn náà wí. Tiwọn náà wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń lọ; igbe á kọ́kọ́ dún, bọ́ọ̀lù á tẹ̀ lé e bí ajá tó ń tẹ̀ lé ọlọ́dẹ. Kò sẹ́ni tó tún ń wo tẹlifíṣọ̀n dáadáa mọ́. Ògiri ni wọ́n ń wò.

"Wọ́n ń pàṣẹ fún bọ́ọ̀lù!" ni Kàmọ́rù wí. "Ẹ ò gbọ́ ni?"

Mọ̀núrù ló kàn. Sàdíátù fò dìde. "Wọn ò ní la ẹnu yẹn lé ọmọ tèmi lórí!" Ó já wọ yàrá, ó nawọ́ láti di ìyálé rẹ̀ lẹ́nu.

Hàlímọ̀ jókòó sórí ẹní, ó faṣọ borí, ó gbé rédíò pélébé kan lé etí. Kí Sàdíátù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohùn jáde láti inú rédíò: "Mọ̀núrù sáré bọ̀... ó gbá a... òpó! Ó gbá òpó o!"

"Yéè! Mọ̀núrù mi!"

Sàdíátù ló ké.

Ní pálọ̀, Mọ̀núrù ṣì ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Wọ́n gbọ́ igbe, wọ́n sì mọ olóhùn. Ọmọ sáré bọ̀, ó gbá a, bọ́ọ̀lù ba òpó. Kàmọ́rù yíjú sí ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó... ìwọ náà wà nínú ẹgbẹ́ àjẹ́ wọn?"

Sàdíátù jáde wá, ó ń nàka sẹ́yìn. Hàlímọ̀ tẹ̀ lé e, ó gbé rédíò ka orí tábìlì níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó yí i sókè. "Ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́."

"Ó wọlé!" ni rédíò wí. "Súpà Kọ́ọ̀pù ti lọ!"

Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó máa gbá a fún ẹgbẹ́ kejì ṣì ń nu òógùn ojú. Gbogbo pálọ̀ jókòó, wọ́n ń dúró de ohun tí wọ́n ti mọ̀. Ó sáré, ó gbá a, ó wọlé. Kò sẹ́ni tó ké.

"Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kú..." ni Kàmọ́rù wí.

"Góòlù ni mo gbọ́," ni Hàlímọ̀ wí. "Mi ò mọ̀ pé ọkọ wa ló tẹ̀ lé e."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ń fi rédíò pa mọ́?"

"Ojú ń tì mí. Èmi tí ẹ ò kí, kẹ́ ẹ wá gbọ́ pé bọ́ọ̀lù ọmọ yín ni mo ń gbọ́?"

"Ẹyẹ orí páànù ńkọ́?"

"Ẹ lọ bi ẹyẹ."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí fóònù Sàdíátù tó dún. Mọ̀núrù ni, ó ń sunkún. "Mọ́mì, ta ló ṣe mí? Ṣé ìyálé yín ni?"

Sàdíátù wo ìyálé rẹ̀.

"Rárá, ọmọ mi," ó ní. "Ẹsẹ̀ ẹ ni."