Bátìrì Inú Kásẹ́ẹ̀tì Àtijọ́

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, wọ́n gba iṣẹ́ Ṣókí lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó gbà á ni ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ọ̀gágun.

Ọjọ́ ìpàtẹ ni. Olùkọ́ ti ní kí àwọn méjèèjì jọ ṣàlàyé bí géèmù akọni ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe dàgbà, irú géèmù tí èèyàn ti máa ń yan akọni, tí yóò sọ ọ́ lórúkọ, tí yóò sì máa bá a rìn títí yóò fi di alágbára. Ṣókí ló wá ìtàn náà kiri. Nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ géèmù ṣe, ló ti ṣa àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n tò sórí tábìlì. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi gbọn eruku inú wọn. Ọ̀gágun kò yọjú. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gágun lẹ́nu. Nígbà tí àwọn adájọ́ dé ìdí tábìlì wọn, òun ló já ọ̀rọ̀ gbà.

"Géèmù yìí ti wà kó tó wọ inú ẹ̀rọ. Àwọn èèyàn á jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú bébà àti dáìsì bíi ti lúdò. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí akọni wọn fẹ́ ṣe. Nígbà tó yá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì gbé e sínú kọ̀ǹpútà ńláńlá. Àwọn kan wà tó jẹ́ lẹ́tà lásán ni wọ́n fi ń ya ògiri àti ẹranko búburú. Lẹ́yìn náà ló wọ inú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tì bọ ẹ̀rọ géèmù, ó di aláwòrán. Tí o bá pa ẹ̀rọ nígbà náà, àfi kí o ti da ọ̀rọ̀ àṣírí gígùn kan tí géèmù fún ọ kọ kí o tó lè padà síbi tí o dúró. Ìgbà tí wọ́n fi bátìrì sínú kásẹ́ẹ̀tì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń rántí fúnra rẹ̀. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń pàdé nínú géèmù kan ṣoṣo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Ọ̀rọ̀ Ṣókí ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe kà á sí i létí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ibi tí òun máa ń mí nínú rẹ̀ gan-an ni Ọ̀gágun náà ti mí.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?" ni adájọ́ obìnrin kan bi í.

"Èmi ni, mà. Ṣókí yìí kàn bá mi ru ẹrù wá ni."

Ẹ̀rín sọ. Wọ́n yan Ọ̀gágun láti lọ ṣojú ilé ẹ̀kọ́ níbi ìdíje ńlá. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ Ṣókí yí padà.

"Aláàárù! Wá gbé àpò mi!"

"Ẹ rọra o, ọrùn ọmọ yẹn kò tíì san!"

Ṣókí kò sọkún. Ó ń wo ẹnu ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi í pamọ́ sínú. "Ohun tí ojú mi rí yìí," ló wí fún ara rẹ̀, "Ọ̀gágun náà yóò rí i."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí Ọ̀gágun fi wọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Kásẹ́ẹ̀tì géèmù àtijọ́ kan ló mú dání, ó fi aṣọ funfun wé e bí ẹyin.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Bátìrì inú rẹ̀ ti fẹ́ kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀ kí ohun tó wà níbẹ̀ má baà lọ. Kò ṣeé rí rà."

Bàbá yí i wò. "Ó dáa. Màá kọ́kọ́ fún un ní iná láti ìta kí n tó yọ bátìrì. Bí èèyàn bá kàn yọ ọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó ń rántí ló máa gbàgbé. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá irú bátìrì rẹ̀."

Bàbá jáde. Ọ̀gágun kò lọ. Ó ń fi bàtà ha ilẹ̀.

"Ṣókí, ọ̀rọ̀ ìpàtẹ yẹn..."

"Ta ni Ṣókí? Aláàárù ni mí. Aláàárù kì í bá ọ̀gágun sọ̀rọ̀."

"Jẹ́ kí n ṣàlàyé ná."

"Ẹrù dà tí o fẹ́ kí n rù? Tí kò bá sí, máa lọ."

Ó lọ. Ṣókí ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹ̀rọ. Ibi mẹ́ta ni géèmù náà ní tí èèyàn lè tọ́jú ìrìnàjò rẹ̀ sí. Ọ̀gágun ló ni ìkejì, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí eré. Ìkẹta ṣófo. Ìkíní jẹ́ ti ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Labalábá. Ṣókí rò pé ọ̀rẹ́ Ọ̀gágun kan ni. Ó lè pa ìkejì nìkan rẹ́, ṣùgbọ́n wọn yóò mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ni. Bátìrì tó kú kì í jẹ́jọ́.

Ó tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, ó fi irin gbígbóná yọ́ òjé tó di ẹsẹ̀ bátìrì mú, ó sì yọ ọ́. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó bí ẹni tó yọ ehín ọ̀tá. Inú rẹ̀ dùn wọ egungun. Lẹ́yìn náà, ó fi òjé jó o padà sípò.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá yẹ kásẹ́ẹ̀tì wò lójú Ọ̀gágun kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣófo.

"Ẹ ò rí i? Bátìrì ti kú," ni Ṣókí yára wí.

Bàbá tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú. "Òjé àtijọ́ máa ń ṣú. Èyí ń dán." Ó gbójú sókè. "Ṣókí, ìwọ nìkan ni mo kọ́ ní òjé jíjó nínú ilé yìí."

"Èmi ni! Ó gba iṣẹ́ mi, ó sọ mí di aláàárù. Èmi náà gba tirẹ̀. A ti ta ọ̀mì!"

Ó ń retí kí Ọ̀gágun fò mọ́ òun. Ilẹ̀ ni ọmọkùnrin náà jókòó sí.

"Tèmi kò jẹ́ nǹkan kan. Mo lè tún un gbá. Màmá mi ló ni ìkíní."

Ọwọ́ Bàbá dúró. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni màmá Ọ̀gágun, ó sì ti kú láti èṣí.

"Nígbà tí wọn ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, géèmù yìí ni wọ́n ń gbá. Wọ́n pe ara wọn ní Labalábá, wọ́n ní àwọn ṣì fẹ́ fò. Akọni mẹ́ta ló ń bá wọn rìn. Èmi ni wọ́n fún ní idà. Wọ́n sọ ẹ̀yin, Bàbá, di alágbẹ̀dẹ. Ṣókí ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ń wo ọgbẹ́ sàn. Wọ́n ní ọmọ tó ń wá fi òróró pa àwọn lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, òun ló yẹ kó máa wò wá sàn. Mi ò gbá tiwọn rí. Mo kàn máa ń ṣí i, màá wo bí wọ́n ṣe dúró."

Ṣókí wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo fẹ́ tọrọ àforíjì ná. O ní kí n máa lọ."

Bàbá ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Kò sí ohun tó padà. "Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bá," ló wí, kò sì pariwo rárá. Ṣókí ìbá fẹ́ kó pariwo.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gágun dìde níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ó sọ ẹni tó ni iṣẹ́. Wọ́n fa ipò rẹ̀ lé Ṣókí lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó tún pè é ní Aláàárù. Gbogbo ohun tó ń bínú lé lórí ló padà sí i lọ́wọ́, kò sì dùn mọ́ ọn.

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ́ wa jẹ, ká sọ ọ́ síta, ká sì gbé ẹjọ́ wa lọ bá àgbà. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀san kì í mọ ohun mìíràn tí ó ń sun pọ̀ mọ́ ọ̀tá rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì náà wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bátìrì tuntun, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Labalábá àti àwọn mẹ́ta tó ń bá a rìn kò sí nínú rẹ̀ mọ́.