Ààrá Tó Ń Gbé Lókè Orí Wa

Ibi tí àtẹ̀gùn ilé náà ti yípo ni ọkùnrin náà há sí, tòun ti irin ńlá kan láyà. Òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa. Ó fi àgbọ̀n ti orí irin náà, ó di apá méjèèjì mọ́ ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀. Kò lè gòkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ dúró, ó gbójú sókè wò ó. Páálí kékeré tí aago ọwọ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀ ló gbé dání, bí ẹni gbé ẹyin.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọjá."

"Ẹ má bínú, àǹtí. Tí mo bá yà pẹ́nrẹ́n, á já bọ́."

"Kí ló máa já bọ́? Kí lẹ tiẹ̀ gbé? Ṣé àpótí irin báńkì lẹ jí ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá rẹ́rìn-ín, apá òun á rọ. "Ampilifáyà ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Ìkejì rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀."

"Ìkejì! Ó tún ní ìkejì!"

Inú bí i gidi. Ó gbé páálí rẹ̀ sórí fèrèsé, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì di igun irin náà kan mú. "Ẹ gbé e! Àbí ẹ fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa síbí ni?"

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e gòkè, tí ọmọbìnrin náà ń bú u ní gbogbo àtẹ̀gùn tí wọ́n bá gùn. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ wá gbọ́ orin lọ́jọ́ kan o."

"Orin? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ ohunkóhun láti yàrá yìí."

Ẹ má bá a wí. Atúnaagoṣe ni, òun àti bàbá rẹ̀. Yàrá tó wà lábẹ́ ti ọkùnrin yẹn gan-an ni wọ́n ń gbé, pálọ̀ wọn náà sì ni ibi iṣẹ́ wọn. Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí rẹ̀, orí aṣọ yẹn sì ni wọ́n ń kó àwọn sukúrúù tí kò tó hóró iyẹ̀pẹ̀ sí. Ẹni tó bá sín nídìí tábìlì yẹn, ó ti ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́. Bàbá rẹ̀ ń pè é ní Ìṣẹ́jú láti kékeré, nítorí pé ó kéré, kì í sì í dúró síbì kan. Gbogbo ilé gbà á lẹ́nu Bàbá.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, tó jẹ́ Sátidé, ni ọkùnrin náà tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé abẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má bá mi jiyàn. Tó bá ti tàn án, gbogbo gílóòbù inú ilé á ṣẹ́jú. Ife á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí pẹpẹ. Gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n bí eyín ẹni tí ibà ń ṣe. Eruku á bọ́ láti òkè àjà sórí aṣọ funfun. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ọmọ ilé fi sọ ọkùnrin náà ní Ààrá.

Ìṣẹ́jú kò wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó wọlé tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ṣé ìwọ nìkan lo ń gbé ayé ni? Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé adití là ń jẹ́ nísàlẹ̀?"

Ààrá sáré yí bọ́tìnnì kan. Ariwo lọ sílẹ̀, ó lọ sílẹ̀, títí ó fi ku ohùn obìnrin kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́, tó fi jẹ́ pé Ìṣẹ́jú gbọ́ bó ṣe ń mí kó tó kọrin. Ó yíjú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan wà nínú yàrá. Kò sí ẹnì kankan. Ibùsùn ló wà níbẹ̀, àti àga kan, àti irin méjì lórí pákó tó ti tẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n nìyí," ni Ààrá wí, ó fọwọ́ kan èyí tó tóbi jù. "Èyí ni Àbúrò. Ẹ̀rọ tó lágbára, kì í ṣe torí ariwo ni wọ́n ṣe ṣe é. Agbára rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ohun tó kéré jù dún kedere."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o sì ń pariwo?"

Ó wolẹ̀. "Láti ọjọ́ tí ọ̀gá mi ti lọ, bí yàrá bá ti dákẹ́ jù, ó ń bà mí lẹ́rù."

Ìṣẹ́jú ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo náà títí orin fi parí.

Wọ́n fẹnu kò. Bí Ìṣẹ́jú bá fi igi ìgbálẹ̀ kan òkè àjà lẹ́ẹ̀kan, kí Ààrá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, orin yẹn wù ú, kó má pa á. Kò pẹ́ tí ìkẹta fi wọ̀ ọ́: ẹ̀ẹ̀mẹta, wá bá mi níbi tí àtẹ̀gùn ti yípo.

"Ìṣẹ́jú mi," ni Ààrá á wí níbẹ̀, "o pẹ́."

"Má pè mí ní tìẹ. Ẹni tó ba ife tíì mi méjì jẹ́."

"Màá ra mẹ́fà."

"Kí o lè tún fọ́ mẹ́fà, àbí?"

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń bí Bàbá nínú. Aago tí ó tún ṣe ń padà wá. Èyí ń sáré, èyí ń falẹ̀, àwọn oníbàárà sì ti ń kùn. Bàbá á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí tábìlì, á ní, "Irin ọmọ yẹn ló ń mi iṣẹ́ mi dànù." Ìṣẹ́jú gbà á gbọ́. Ó gun àtẹ̀gùn lọ, ó sọ ọ́ sójú Ààrá. Ààrá rẹ ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ títí tí èèyàn fi ní láti fetí mọ́ sípíkà kó tó gbọ́ orin. Síbẹ̀ aago ń padà wá.

Ní oṣù kẹrin tó ti kó dé, Ààrá ní, "Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, màá mú ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá kí Bàbá."

Ìṣẹ́jú fi orí gbá a láyà díẹ̀, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀.

Ayọ̀ ló ṣì í lọ́nà. Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá jáde lọ sọ́dọ̀ oníbàárà. Ààrá kò mọ̀ pé Ìṣẹ́jú ń fi ẹ̀mú di sukúrúù kan bọ inú aago lọ́wọ́. Ó yí bọ́tìnnì Ẹ̀gbọ́n dé òpin, pé kí ọ̀rẹ́ òun nísàlẹ̀ lè mọ bí inú òun ṣe dùn tó. *Gbàm!* Tábìlì fò. Sukúrúù fò. Ìṣẹ́jú náà fò.

Ààrá ti sáré dé ẹnu ọ̀nà kí Ìṣẹ́jú tó fi igi ìgbálẹ̀ kan òkè àjà lẹ́ẹ̀kan. "Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, ìyàwó mi…"

"Èwo ni ìyàwó? Kúnlẹ̀ kí o wá a!"

Wọ́n rákò ní gbogbo pálọ̀, wọn kò rí i. Oníaago ti ń pè nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá lọ́la. Nígbà tó gòkè padà, Ààrá dúró nídìí tábìlì, eyín rẹ̀ funfun báláú. Irin dúdú roboto kan, tó tóbi tó àwo ọbẹ̀, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sukúrúù náà rọ̀ mọ́ etí rẹ̀.

"Mo rí i! Òòfà tí mo yọ lára sípíkà tó bàjẹ́ ni. Mo kàn gbé e yí tábìlì ká, sórí gbogbo nǹkan, lábẹ́ gbogbo nǹkan…"

Ìṣẹ́jú ké. "Òòfà! O gbé òòfà wá sórí tábìlì atúnaagoṣe!"

Nínú aago ọwọ́, irin kan wà tó tín-ín-rín bí irun, tí wọ́n ká bí ìgbín. Bí òòfà bá ti fọwọ́ bà á, á máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, aago náà á sì máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Aago méje ló wà lórí tábìlì. Kí Bàbá tó wọlé ní ìrọ̀lẹ́, èyí tí eré rẹ̀ kéré jù nínú wọn ti fi ogójì ìṣẹ́jú sáré.

Bàbá gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù.

"Mo ti ń sọ ọ́," ni ó wí fún Ààrá. "Láti ọjọ́ tí irin rẹ ti wọ ilé yìí ni orúkọ mi ti ń bàjẹ́. Sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ọwọ́ tó ba aago méje jẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní gba ọmọ mi."

"Ẹ dárí jì mí, sà."

"Tilẹ̀kùn bó o bá ti ń jáde."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò sí orin, kò sí ìró ẹsẹ̀. Inú ń bí Ìṣẹ́jú sí Ààrá nítorí òòfà, inú ń bí i sí Bàbá nítorí ìdájọ́, inú sì tún ń bí i sí òkè àjà nítorí pé ó dákẹ́ jù. Lójoojúmọ́ ló ń gbé igi ìgbálẹ̀, tó ń gbé e padà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Ààrá kan ilẹ̀kùn. Wáyà bàbà tó nípọn, tí a wé bí òrùka ńlá, ló gbé dání. Ìka rẹ̀ ti bó.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí iná bá gba inú wáyà yìí, tí a ki aago bọ àárín rẹ̀, tí a sì rọra fà á jáde, agbára òòfà á kúrò lára rẹ̀."

Ìṣẹ́jú wo wáyà náà. "Níbo lo ti rí i?"

"Inú Ẹ̀gbọ́n."

"O tú Ẹ̀gbọ́n?"

"Wáyà yìí ló mú un wúwo. Irú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ọmọdé lè gbé e báyìí."

Bàbá fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú fi ẹsẹ̀ dí i. "Bàbá, mo ti bínú sí i tó fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ jẹ́ kó wọlé."

Wọ́n mú aago obìnrin kan nínú méje náà, èyí tí kò ní ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá, tó jẹ́ pé etí nìkan ló lè sọ bóyá ó ń lọ. Ààrá fa iná sínú wáyà, Ìṣẹ́jú ki aago náà bọ inú òrùka náà, ó fà á jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé e fún Bàbá. Bàbá fi í sétí. Ó pẹ́. Ó mi orí.

"Ó ti pa á. Kò dún mọ́."

Ìṣẹ́jú gba aago náà, ó fi í sétí. *Kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́.* Ó ń lọ geere. Ààrá pàápàá gbọ́ ọ láti ibi tó dúró sí.

"Bàbá," ni Ìṣẹ́jú wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Ọdún mélòó?"

"Ọdún mélòó kí ni?"

"Tí ẹ kò ti gbọ́ aago mọ́!"

Bàbá jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ funfun orí tábìlì tẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ká rárá. "Ó ń lọ sí ọdún kẹta."

"Ọdún kẹta! Ariwo tó ń mi gbogbo ilé, ẹ kò ráhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Mo rò pé sùúrù ni. Àṣé àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ ń tẹ́ sórí tábìlì lẹ fi ń gbọ́ ọ! Ẹ jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn yìí lọ bú ọmọ ọlọ́mọ lórí aago tí kò fọwọ́ kàn! Méje ni tiẹ̀, Bàbá. Àwọn yòókù ńkọ́? Ta ló ni wọ́n?"

"Èmi ni." Bàbá gbójú sókè. Omi wà níbẹ̀. "Atúnaagoṣe tí kò gbọ́ aago, ọmọ mi, kí ló tún jẹ́?"

Ìbínú Ìṣẹ́jú kò rí ibi tí yóò dúró sí mọ́. Nígbà tó yíjú, Ààrá kò sí ní ẹnu ọ̀nà. Ìró ẹsẹ̀ tó wúwo ń bọ̀ láti òkè. Ó dákẹ́ níbi tí àtẹ̀gùn ti yípo.

"Ó ti há!" ni Ìṣẹ́jú wí, ó sì sáré jáde.

Àbúrò ló gbé láyà. Ìṣẹ́jú di igun kan mú láìsọ nǹkan kan, wọ́n sì gbé e wọ pálọ̀. Ààrá fi ohun kékeré kan bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, tó ní wáyà nídìí, tó ń gba ìró, mọ́ ẹ̀yìn aago. Ó so ó mọ́ Àbúrò. Ó gbé sípíkà kan kọjú sí Bàbá, ó sì rọra yí bọ́tìnnì.

*Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.*

Ìró aago obìnrin, tí kò tó ìró èèrà lórí ewé, kún pálọ̀ náà láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Bàbá dìde. Ó jókòó. Ó di etí tábìlì mú, lẹ́yìn náà ó fi tábìlì sílẹ̀, nítorí kò nílò rẹ̀ mọ́. Ó dijú, ó tẹ́tí.

Ìyá onílé ké láti ìsàlẹ̀: "Ààrá! Èwo tún ni ti kẹ́kẹ́kẹ́ yìí? Kí ló ń lu ilé mi?"

"Aago ni, Mọ́mì!" ni Ìṣẹ́jú dáhùn lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Aago lásán ni!"

"Dákẹ́, Ìṣẹ́jú," ni Bàbá wí. "Ó ń tiro. Ẹ kò gbọ́ ọ ni? Apá kan gùn ju èkejì lọ. Mú ẹ̀mú wá."

Ó tẹjú mọ́ṣẹ́. Ó tún un ṣe títí gbogbo wọn fi gbọ́ ọ tí ìtiro náà tán, tí ẹsẹ̀ aago bá ara mu. Láìgbójú sókè, ó ní:

"Ìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ máa wá?"

"Ọjọ́ Àìkú, sà. Tí ẹ bá…"

"Aago mélòó?"

"Aago mẹ́rin, sà."

"Kó má pẹ́ o. Ilé atúnaagoṣe ló ń bọ̀."

Àbúrò kò padà sókè mọ́. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, Ìṣẹ́jú sin Ààrá dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yípo. Wọ́n dúró síbẹ̀, ọwọ́ wọn ṣófo, irin kankan kò sí láàárín wọn. Ìṣẹ́jú gba ìka Ààrá tó bó, ó ń wò ó.

"Ìwọ náà jẹ̀bi o. Òòfà! Lórí tábìlì mi! Mo ṣì ń bínú."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí tí a ó fi darúgbó."

Ààrá fi iwájú orí kan tirẹ̀. "Mo gbà," ni ó wí.