Wọ́n Lé Àlùbọ́sà Jáde, Wọ́n Gbé Agolo Wọlé

Ọmọ ìyá méjì kan wà ní iléèwé gíga, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ẹ̀gbọ́n ti máa ń wà ní ilé ìdáná. Ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ni ilé ìdáná náà wà, yàrá tóóró tó ní sítóòfù iná mànàmáná méjì àti fèrèsé tí ẹnikẹ́ni kì í rántí ṣí. Á gé àlùbọ́sà àti tòmátò, á po ẹyin mọ́ ọn, á fi òróró díẹ̀ dín in. Àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní á gbé búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wá. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, wọ́n á fọ abọ́, wọ́n á gba kíláàsì lọ.

Orúkọ ẹ̀sín kan tí wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Alága, nítorí òun ni àwọn ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà yàn ṣe olórí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sún mọ́ ẹ̀gbọ́n, ó fi imú sí ọrùn aṣọ rẹ̀.

“Alálùbọ́sà,” ló wí. “Ṣé kíláàsì lò ń lọ báyìí, àbí wọ́n ti gbà ẹ́ síṣẹ́ nílé oúnjẹ?”

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀gbọ́n bá jókòó ní kíláàsì, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á fọwọ́ bo imú. Kò pẹ́ tí Alága fi pe ìpàdé. Ó ní òórùn oúnjẹ ń wọ aṣọ àwọn, kí ẹnikẹ́ni má dáná láàárọ̀ mọ́, kí àwọn tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Ojú ti ẹ̀gbọ́n débi pé òun náà nawọ́. Àbúrò wo ojú rẹ̀, ó sì nawọ́ tẹ̀lé e.

“Kí la ó wá máa jẹ?” àbúrò béèrè.

“Ayé ti là ju ìyẹn lọ,” Alága dá a lóhùn. Ó gbé agolo kan sókè, ohun mímu dídùn tó ń lé oorun. “Mu èyí, o ti jẹun nìyẹn. Kò rùn, kò sì sí abọ́ tí wàá fọ̀. Wọ́n ń tà á lẹ́nu géètì.”

Ọ̀rọ̀ yìí ń bí èèyàn nínú. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ nípa ara èèyàn nínú ìwé, tí wọ́n lè ya àwòrán ibi tí oúnjẹ ń gbà, ni wọ́n fi agolo kan tàn bí ọmọ ọwọ́. Kí sì ni wọ́n ń sá fún? Òórùn àlùbọ́sà lásán.

Agolo kan di méjì. Àbúrò kì í rí oorun sùn mọ́, àyà rẹ̀ a sì máa já láìnídìí, ṣùgbọ́n ó ní ìwé kíkà ló fà á. Nígbà tó di ọjọ́ ìdánwò ní láàbù, agolo méjì ló gbé mì láìfi oúnjẹ kankan sẹ́nu. Ó mú ìgò tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn omi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgò bọ́, ó fọ́. Kí olùkọ́ tó yíjú, àbúrò náà ti wà nílẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n sáré dé ilé ìtọ́jú iléèwé, nọ́ọ̀sì àgbà ń di ọwọ́ àbúrò níbi tí ìgò ti gé e.

“Kí ló jẹ láàárọ̀ yìí?” nọ́ọ̀sì béèrè.

“Ó mu agolo, mà.”

“Mi ò béèrè ohun tó mu. Kí ló jẹ?”

Nọ́ọ̀sì gbé àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Ṣúgà àti èròjà tó ń lé oorun ló kún inú nǹkan yẹn. Tó bá bá inú òfìfo pàdé, àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Tó bá yá, ara á dẹ̀, á já ẹ sílẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ. Ẹnì kẹta rèé tí wọ́n ń gbé wá bá mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, ó sì ti sú mi. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi dáná jẹun?”

“Àwa la nawọ́ sí i pé ká má dáná láàárọ̀ mọ́, mà. Wọ́n ní à ń rùn.”

“Ẹ̀ ń rùn.” Nọ́ọ̀sì tún un wí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. “Omi ń bẹ, ọṣẹ ń bẹ, fèrèsé ń bẹ. Tí kò bá sí àyè láti dín ẹyin, da omi gbígbóná sórí ọkà ọ́ọ̀tì, dé e, kó o lọ wẹ̀. Kó o tó wọṣọ tán, ó ti rọ̀. Gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, da mílíìkì lé e. Tàbí kó o fi ẹ̀pà lílọ̀ sójú búrẹ́dì. Èwo ló le níbẹ̀?”

Ẹ̀gbọ́n gba yàrá Alága lọ tààrà, pé kó tún ìpàdé náà pè. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ṣí i. Páálí agolo ló kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé ògiri. Àṣé ibẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì ti ń jáde. Alága alára jókòó sídìí tábìlì, ẹyin sísè, búrẹ́dì àti tòmátò gígé wà níwájú rẹ̀.

“Ìwọ ò mu agolo ní tìẹ?” ẹ̀gbọ́n béèrè.

Alága gbé òkèlè ẹnu rẹ̀ mì. “Àyà mi a máa já tí mo bá mu ún.”

Ẹ̀gbọ́n na ìka sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “O mọ̀. O mọ̀, o sì ń tà á fún àbúrò mi. O sọ mí lórúkọ kí ọjà ẹ lè tà.”

“Mi ò fipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ nawọ́.”

“Òótọ́ ni, mo nawọ́. Mo ti gbé ọwọ́ mi wálẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì fi ọ̀rọ̀ náà tó alábòójútó ilé létí, wọ́n sì kó àwọn páálí náà jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ṣí fèrèsé ilé ìdáná sílẹ̀ gbayawu, ó gé àlùbọ́sà. Àwọn tó ti ń fọwọ́ bo imú ló kọ́kọ́ gbé abọ́ wá. “Alálùbọ́sà, jọ̀ọ́, ṣé ó kù?” Ó bù fún wọn, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fọ abọ́ ilẹ̀.

Ọjọ́ tí àbúrò tún ìdánwò náà ṣe, olùkọ́ rìn kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró, ó fa imú.

“Ta ló ń rùn bí àlùbọ́sà níbí?”

“Èmi ni, sà.” Àbúrò kò yíjú. Ó ń da omi sínú ìgò tín-ín-rín náà, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbé nílé iléèwé, ẹ má fi ohun mímu inú agolo rọ́pò oúnjẹ àárọ̀. Ẹyin tó jinná dáadáa, búrẹ́dì, ọ́ọ̀tì, èso, omi tó mọ́: èyí tí ọwọ́ yín bá tó nínú wọn ti tó. Ilé ìdáná ni kí ẹ ti dáná, kì í ṣe inú yàrá, ẹ má sì fi iná sílẹ̀ lọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń lù kìkì tàbí tí òòyì ń kọ́, kó lọ sílé ìtọ́jú, kó má ṣe dúró dìgbà tó bá ṣubú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń fi yín ṣẹ̀sín nítorí pé ẹ dáná jẹun, ẹ bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ jẹ láàárọ̀.