Lẹ́tà Tó Sọ Fàrídà Di Aláìsàn

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, Wàsílátù, nọ́ọ̀sì kan ní Rumuola nílùú Port Harcourt, yà sí ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ láti fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Àwọn ọmọ kún pápá, àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń ṣeré orí ìtàgé, ariwo gba gbogbo ibẹ̀ kan. Fàrídà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, nìkan ló jókòó sí kíláàsì, tó ń yọjú wò wọ́n lójú fèrèsé.

"Kí ló dé tí o ò sí níta?"

Fàrídà wolẹ̀. Àǹtí Hannah, olùkọ́ eré ìdárayá, ló fèsì.

"Ah-ah, Mummy! Ṣebí Daddy ẹ̀ ló kọ lẹ́tà pé ó ní ikọ́ fée, pé kò gbọdọ̀ sáré. Ọdún kejì rèé o."

Wàsílátù ní kó mú lẹ́tà náà wá, ó sì gbà á wò. Ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀ ni. Inú bí i gidigidi. Òun tó bí ọmọ, tó tún jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò gbọ́ ikọ́ fée lẹ́nu rẹ̀ rí!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Nùrẹ́nì ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, kò tíì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù tán tí Wàsílátù fi ká a mọ́ yàrá.

"Bàbá Fàrídà, ta ló ní ikọ́ fée nílé yìí?"

"Ìyá Fàrídà, calm down. Kó lè ráyè kàwé ni. Ṣé bọ́ọ̀lù ni yóò fi wọ yunifásítì ní Choba?"

"Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo lẹ wò tí ẹ fi sọ tiwa ní aláìsàn? Ìwé náà dà? Ipò kẹrin ló ń mú tẹ́lẹ̀, ó ti bọ́ sí ìkẹtàdínlógún! Orí ń fọ́ ọ lójoojúmọ́, kò sì lọ́rẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo."

Wọn ò mọ̀ pé Fàrídà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mama, so I no get am? Daddy say make I no tell you, make you no worry. If I run, I no go die?"

Ọmọ náà gbà á gbọ́! Ọdún méjì ló fi ń rọra gun àtẹ̀gùn, tó ń ṣọ́ èémí ara rẹ̀. Wàsílátù ju bébà sí iwájú Nùrẹ́nì.

"Ẹ kọ òmíràn. Ẹ kọ ọ́ pé irọ́ ni."

Nùrẹ́nì sì kọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, eré ìdárayá, orin àti ẹgbẹ́ àríyànjiyàn kì í ṣe ọ̀tá ìwé. Wọ́n ń mú kí ara le, kí ọpọlọ jí pépé, kí ọmọ sì mọ bí a ti í bá ẹgbẹ́ ṣe. Ẹ bi ọmọ yín léèrè èyí tó wù ú, kí ẹ sì yọ̀ǹda rẹ̀. Ọmọ tó ní ikọ́ fée gan-an lè ṣeré bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ẹ má torí ipò kìíní fi gègé yín sọ ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá di aláìsàn.