Kalia Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bá Mi Sè

"Unaisi! Gbé òkú yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi!"

Màmá Apisai, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló ń pariwo. Ẹja kalia ló ń pè ní òkú: ẹja ńlá aláwọ̀ ewé tí iwájú orí rẹ̀ yọ gọngọ. Èmi ni mo fi ọ̀kọ̀ gún un láàárọ̀ ọjọ́ náà, níbi òkìtì iyùn inú òkun tí àwọn àgbà abúlé wa ti fòfin de ẹja pípa.

Apisai ọmọkùnrin rẹ̀ ló kó bá mi. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìgbín etí òkun lobìnrin lè ṣà!" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú mi. Mo mọ òfin náà o, àmọ́ ìbínú ò jẹ́ kí n rò ó.

"Màmá, ẹ ṣáà bá mi fi omi àgbọn sè é."

"Kí n sè é? Ṣé o ò rí koríko tó bo iyùn bí irun orí wèrè? Ẹnu irú ẹja yìí ló ń bá wa họ ọ́. Mẹ́sàn-án péré ló kù, lo bá pa ọ̀kan!"

Mo gbé e dé ilé mẹ́fà. Pásítọ̀ tilẹ̀kùn. Bàbá arúgbó kan ní eyín ń dun òun. Apisai ní tiẹ̀ sọ pé, "Ṣé èmi ni mo rán ẹ?" Ẹ gbọ́ ná!

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹja ti ń rùn, olóyè sì ti gbọ́ ohun tí mo ṣe àti yẹ̀yẹ́ tí Apisai fi mí ṣe. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ṣe iṣẹ́ kalia. Gbogbo Sátidé, ẹ fọwọ́ tu koríko yẹn."

Sátidé àkọ́kọ́, agbọ̀n mẹ́rin la tu kún. Ọwọ́ mi bó. Nígbà tí a padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, koríko ti tún hù.

"Ṣé nǹkan yìí ò nítìjú ni?" mo kígbe.

"Tu ú lọ jàre," ni Apisai wí. "Kalia kì í ráhùn."

Ibi tí a ti ń jiyàn làwọn kalia tó kù ti yọ. Wọ́n ń ha òkúta wàrà-wàrà bí ẹni ń rún egungun. Ibi tí a fi òwúrọ̀ tu láìtán, wọ́n jẹ ẹ́ mọ́ kí a tó sinmi tán. 

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Yẹ̀yẹ́ Apisai ni iṣẹ́ ẹrú tèmi, èmi sì fi tẹrú jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó ń fi yín ṣẹ̀sín kò ní bá yín ṣàtúnṣe tinútinú. Kí ẹ tó ba nǹkan jẹ́ nítorí ẹnu rẹ̀, ẹ bi ara yín bóyá apá yín á ká a láti tún un ṣe.